WC, ẹ̀rọ omi àti ṣáwà tí wọ́n ń tà l'Abẹ́òkúta: èwo ló tó owó rẹ̀?

Ojú ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ra ohun èlò balùwẹ̀. Wọ́n á dé ìsọ̀, wọ́n á rí èyí tó ń dán jù lórí pátákó, wọ́n á ní kí ọlọ́jà bá àwọn dì í. Bẹ́ẹ̀, omi tó wà nílé ló yẹ kó sọ irú èyí tá a máa rà. Ní Abẹ́òkúta níbí, kànga àti bóhòlù ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé, tánkì orí sítáńdì ló sì ń ti omi náà wọ balùwẹ̀. Nǹkan méjì ló ń ti ibẹ̀ wá: omi kì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára, ó sì máa ń kó iyanrìn wẹ́wẹ́ àti ìpẹtà dání. Ohun èlò tí kò bá lè bá méjèèjì gbé, a ò ní ní kẹ́ ẹ rà á, bó ti wù kó dán tó. Òṣùwọ̀n tá a fi yẹ àwọn tó wà lọ́jà wò nìyẹn.

Ṣáwà ló ń já onílé kulẹ̀ jù, ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó jáde nílé, ẹ fi tépù wọn bí ìdí tánkì yín ṣe ga tó sílẹ̀. Tí omi bá fi mítà 10 ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ, bar 1 ni agbára tó máa ní níbẹ̀ (bar ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka agbára omi). Mítà 1 á fún yín ní bar 0.1. Ẹ jẹ́ ká ní ìdí tánkì wà ní mítà 6. Ẹnu ṣáwà ìsàlẹ̀ ilé sábà máa ń wà ní nǹkan bíi mítà 2.1, mítà 3.9 ló kù nìyẹn, ìyẹn bar 0.39. Ṣùgbọ́n tí balùwẹ̀ bá wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí ilẹ̀ ibẹ̀ fi mítà 3 ga, ẹnu ṣáwà ti di mítà 5.1. Mítà 0.9 péré ló kù: bar 0.09. Páálí ọ̀pọ̀ ṣáwà aláwo ńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní rain shower, ń béèrè bar 0.5 tàbí bar 1, ó kéré tán. Kò sí púlọ́ńbà tó lè fi ọwọ́ dí àlàfo yẹn.

Ìdájọ́ wa lórí rain shower, tí awo rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25: kò yẹ ilé tó jẹ́ pé tánkì nìkan ló ń ti omi. Ìwọ̀nba omi tó bá dé inú rẹ̀ á pín sí ọ̀pọ̀ ihò, á wá máa kán tó, tó, tó láti àárín. Èyí tó tó owó rẹ̀ ni ṣáwà kékeré tí awo rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, tí ihò rẹ̀ ò pọ̀, tó sì ní rọ́bà lẹ́nu ihò kọ̀ọ̀kan. Tí ìpẹtà bá dí irú ihò bẹ́ẹ̀, ẹ kàn fi àtàǹpàkò ra ẹnu rọ́bà yẹn, á bọ́ dànù. Ti ihò ike tàbí irin lásán, abẹ́rẹ́ lẹ máa fi tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ṣáwà onírọ́bà gígùn, èyí téèyàn ń mú lọ́wọ́ bíi fóònù, la fẹ́ràn jù fún òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìdí rẹ̀ nìyí: bẹ́ ẹ bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí mítà 1 sókè ilẹ̀ balùwẹ̀ tá a fi ṣe àpẹẹrẹ lẹ́ẹ̀kan, ẹnu rẹ̀ ti bọ́ sí mítà 4, omi á sì ní mítà 2 dípò 0.9. Agbára omi ti ju ìlọ́po méjì lọ láìná kọ́bọ̀ kún un. Kẹ́ ẹ tó so ó, ẹ wo inú ẹnu tó ń gba omi: ọ̀pọ̀ máa ń ní ike róbótó kékeré kan níbẹ̀ tí ihò àárín rẹ̀ tín-ín-rín. Wọ́n ṣe é fún ìlú tí omi wọn lágbára, kó lè dín in kù. Ẹ yọ ọ́ dànù, kẹ́ ẹ fi rọ́bà tó wà lábẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó má baà jò.

Ẹni tó bá ní dandan ni rain shower òun, kó ra pressure pump mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kó sọ fún púlọ́ńbà pé kó fi páìpù kan gba ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù kọjá, kó sì fi non-return valve, èyí tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn, sórí páìpù náà. Bí wọ́n bá mú iná lọ, omi tánkì á ṣì rí ọ̀nà wọlé. Tí pọ́ǹpù bá sì ń ṣiṣẹ́, omi kò ní máa yípo padà. Ẹ bojú wo páìpù tó ń gbé omi wọlé láti tánkì pẹ̀lú. Íǹsì 1 láti tánkì, mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹsì wọ balùwẹ̀, ìdajì íǹsì níbi tí ẹ̀rọ wà nìkan. Ilé tó jẹ́ ìdajì íǹsì ni wọ́n fi fa omi láti tánkì dé ibi tó parí sí, tí kọ́nà sì pọ̀ lójú ọ̀nà, ṣáwà olówó iyebíye ò lè ràn án lọ́wọ́.

Ó kan ẹ̀rọ omi. Irú mẹ́rin ló wà lórí tábìlì ọlọ́jà: ike, síńkì (zinc) tí wọ́n fi kúróòmù bò, idẹ tí wọ́n fi kúróòmù bò, àti stainless. Síńkì àti idẹ ni wọ́n fi ń rẹ́ èèyàn jẹ, torí tí wọ́n bá ti dán wọn tán, ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì náà ò lè sọ ọ́, torí kì í mú èyíkéyìí nínú méjèèjì. Irin lásán ló máa tú fó. Ohun tó ń sọ òótọ́ ni inú ẹnu ẹ̀rọ, níbi tí omi ń gbà wọlé. Kúróòmù kì í sábà dé inú ibẹ̀ dáadáa. Ẹ tan iná fóònù síbẹ̀: bó bá pọ́n bíi wúrà, idẹ ni, bó bá rí eérú-eérú, síńkì ni. Ẹ tún gbé méjèèjì tí títóbi wọn dọ́gba lọ́wọ́ ọ̀tún àti òsì, idẹ ló máa wúwo jù.

Kí ló burú nínú síńkì? Omi á máa jẹ ẹ́ láti inú, láìjẹ́ pé ẹ rí nǹkan kan lóde. Lẹ́yìn náà kúróòmù á bẹ̀rẹ̀ sí í lé róró, á máa ṣí. Ibi tó ń dunni jù ni ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ọ́: ọrùn rẹ̀ á kán, ibi onílà (thread) tí wọ́n yí wọlé á sì kù sínú ògiri. Púlọ́ńbà tó bá mọṣẹ́ lè fi irin extractor yọ ọ́. Tí ò bá yọ, táìsì ni wọ́n máa fọ́. Ìyàtọ̀ owó tó wà láàárín síńkì àti idẹ ò tó owó táìsì àti owó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Idẹ la dìbò fún nínú ògiri, stainless tí wọ́n kọ 304 sí lára ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ ike dáa ju bí wọ́n ṣe ń fojú di í lọ fún ìta gbangba, níbi ìfọṣọ, torí kì í dípẹtà. Àbùkù rẹ̀ ni pé bí ẹnìkan bá fi garawa gbá a, ó ti kán nìyẹn.

Inú ẹ̀rọ tún ṣe pàtàkì. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń yí ní ìdá kan nínú mẹ́rin yípo péré ní pẹlẹbẹ seramíìkì méjì tó ń fara ra ara wọn. Ó rọrùn lọ́wọ́ àgbà àti ọmọdé, kò sì nílò fífún pọ̀. Ọ̀tá rẹ̀ ni iyanrìn: ẹyọ kan tó bá há sáàárín pẹlẹbẹ méjèèjì á ha wọ́n, ẹ̀rọ á wá máa kán lọ láìdá. Ẹ̀rọ àtijọ́ oníwọ́ṣà, tí wọ́n ń yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó tì, máa ń fara da iyanrìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, rọ́bà wọ́ṣà rẹ̀ ò sì wọ́n. Sípánà kan ló fẹ́. Tó bá jẹ́ pé omi yín ń gbé ẹrẹ̀, oníwọ́ṣà ni kẹ́ ẹ fi síbi garawa. Tẹ́ ẹ bá sì ti fi fíltà sójú ọ̀nà láti tánkì, oníseramíìkì dáa gidi. Ohun mìíràn tí kò náni lówó: kí ẹnu páìpù tó ń jáde láti tánkì ga ju ìsàlẹ̀ tánkì lọ ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, kí ẹrẹ̀ lè máa jókòó sísàlẹ̀ títí dìgbà tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́.

Míkísà ọlọ́wọ́ kan lórí basin, ibẹ̀ la ti ń rí ìnákúnàá jù. Wọ́n ṣe é láti po omi gbígbóná àti tútù. Ilé tí kò ní páìpù omi gbígbóná á ra á, wọ́n á dí ẹsẹ̀ kan pa, omi á wá máa gba ẹsẹ̀ kan tín-ín-rín kọjá. Ẹ̀rọ omi tútù nìkan, tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ ìdajì íǹsì gbọọrọ, ń da omi jáde jù ú lọ lábẹ́ tánkì kan náà, owó rẹ̀ ò sì tó ti míkísà. Tí míkísà bá wù yín ṣáá nítorí pé ẹ máa fa omi gbígbóná lọ́jọ́ iwájú, ẹ béèrè ìwọ̀n cartridge rẹ̀, ìyẹn ohun tó wà nínú rẹ̀ tó ń ṣí omi tó sì ń tì í: mìlímítà 35 àti 40 ló wọ́pọ̀, wọn kì í sì í wọ inú ara wọn. Èyí tí ọlọ́jà ò bá ní cartridge rẹ̀ ní ìsọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ẹ rántí pé PVC lásán kì í gba omi gbígbóná, ó máa ń rọ̀. PPR ni páìpù rẹ̀.

Garawa ò tíì kúrò nínú balùwẹ̀ wa, kò sì yẹ ká ṣe bí ẹni pé ó ti lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ garawa ga tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí 70 sókè ilẹ̀ tí wọ́n ti lẹ táìsì sí, kí garawa ọ̀dà onílítà 20 lè wọ abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Kí ẹnu rẹ̀ sì yọ síta tó sẹ̀ǹtímítà 15 láti ara ògiri, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á máa kọ lu etí garawa. Ẹ̀rọ kúkurú tó lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́wà nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n ẹ máa fi extension nipple gùn ún nígbà tó bá yá, ìsopọ̀ kan sí i nìyẹn níbi tó ti lè jò.

Nílé tí wọ́n ti ń fi omi fọ ìdí lẹ́yìn ìyàgbẹ́, ìfọ́nmi kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ WC wúlò ju búùtà lọ. Àwọn tó jẹ́ ike pátá kì í pẹ́. Ẹ wá èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ idẹ tàbí stainless, kẹ́ ẹ sì fi angle valve (ẹ̀rọ kékeré tó ń ti omi) tirẹ̀ sí i, kí gbogbo ará ilé sì máa tì í lẹ́yìn tí wọ́n bá lò ó tán. Rọ́bà rẹ̀ kò le tó láti fara da omi tòru-tọ̀sán, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti lo pọ́ǹpù; òru ló sábà ń bẹ́, gbogbo tánkì á sì dà sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

WC wá ni iṣẹ́ gan-an. Ẹ má rà á kẹ́ ẹ tó wọn ilẹ̀. Èyí tó ń da ẹ̀gbin sísàlẹ̀ ni S-trap, èyí tó ń dà á sẹ́yìn sínú ògiri ni P-trap. Fún S-trap, ẹ wọn láti ara ògiri dé àárín ihò páìpù ilẹ̀. Bí wọn ò bá tíì lẹ táìsì mọ́ ògiri, ẹ yọ sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 kúrò, torí táìsì àti símẹ́ntì rẹ̀ máa jẹ nínú àyè yẹn. Lára páálí WC, wọ́n á kọ ìwọ̀n tirẹ̀: 220, 250 tàbí 300 mìlímítà. Tí ihò yín bá wà ní 230, tẹ́ ẹ wá lọ ra ti 300, tánkì ẹ̀yìn á kọ lu ògiri, kò ní jókòó. Tí ihò bá wà ní 300, tẹ́ ẹ ra ti 220, á jókòó, ṣùgbọ́n sẹ̀ǹtímítà 8 á ṣófo lẹ́yìn rẹ̀. Ti P-trap, ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni kí àárín ihò ògiri wà ní mìlímítà 180 sókè ilẹ̀ olótáìsì.

Ní àdúgbò tí àpáta ti sún mọ́ ojú ilẹ̀, tó sì pọ̀ nígboro Abẹ́òkúta, P-trap la máa kọ́kọ́ wò. Páìpù rẹ̀ ń jáde láti ara ògiri, nítorí náà kòtò tẹ́ ẹ máa gbẹ́ lóde kò ní jìn tó ti S-trap, ẹni tó bá ti sanwó fífọ́ àpáta rí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lápò. Ó tún dáa fún òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, torí wọn ò ní lu dẹ́kìnnì. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, páìpù íǹsì 4 tó ń gbé ẹ̀gbin lọ gbọ́dọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ ní mìlímítà 25 fún mítà kọ̀ọ̀kan. Mítà 4, ó sọ̀ sẹ̀ǹtímítà 10. Tó bá tẹ́ jù, ẹ̀gbin á dúró sójú ọ̀nà, ẹ ó wá máa bú WC tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Tánkì oníbọ́tìnnì méjì, lítà 6 àti lítà 3, la fọwọ́ sí. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ilé èèyàn 5 tí kálukú ń flush lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́, ìgbà 20 nìyẹn. Tánkì àtijọ́ onílítà 9 á mu lítà 180. Oníbọ́tìnnì méjì, tí 15 nínú 20 bá jẹ́ lítà 3, á mu lítà 75. Lítà 105 lẹ fi sílẹ̀ nínú tánkì lójoojúmọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi jẹnẹrétọ̀ fa omi, ẹ mọ̀ bí ìyẹn ṣe tó. Ṣùgbọ́n ẹ ra àwo àti tánkì tó jọ wá. Ẹni tó bá gbé tánkì onílítà 6 ka orí àwo tí wọ́n ṣe fún lítà 9, omi kan ò ní tó gbé e lọ, á máa flush lẹ́ẹ̀mejì, èrè ti dòfo.

Ẹ ní kí ọlọ́jà tú WC kúrò nínú páálí. Ẹ fi ìka kan án: seramíìkì tó jiná tó sì ṣe odindi á dún gooro, èyí tó ti sán á dún gbàjẹ̀gbàjẹ̀. Ẹ dojú rẹ̀ dé, kẹ́ ẹ kán omi sí etí ìsàlẹ̀ tí wọn ò kun. Tí omi bá jókòó lórí rẹ̀, ó dáa. Tó bá mu ún lójú ẹsẹ̀ bí ìkòkò amọ̀, kò jiná tó, á máa fa ìdọ̀tí àti òórùn mọ́ra nígbà tó bá yá. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ń mì. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí tánkì wo inú rẹ̀. Bóòtù tó so tánkì mọ́ àwo gbọ́dọ̀ jẹ́ idẹ tàbí stainless. Ti irin á dípẹtà, omi á máa jò sílẹ̀ láti ibẹ̀. Ball gauge, ìyẹn ohun tó ń ti omi nígbà tí tánkì bá kún, èyí tí ọ̀pá rẹ̀ kúrú tó sì ń gba omi láti ìsàlẹ̀, máa ń ní asẹ́ kékeré kan lẹ́nu, iyanrìn á sì máa dí i. Bí tánkì bá ń pẹ́ kó tó kún, ẹ ti angle valve, ẹ tú flexible (rọ́bà tó ń gbé omi wọ tánkì), ẹ fọ asẹ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tó ń ṣe é ò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ta inside (ohun èlò inú tánkì) tuntun fún yín.

Basin ò fi bẹ́ẹ̀ le. Etí rẹ̀ kó wà ní sẹ̀ǹtímítà 80 sí 85, kí ihò tó wà lórí rẹ̀ bá ẹ̀rọ tẹ́ ẹ rà mu. Ohun kan ṣoṣo táwọn èèyàn ń ṣì mú ni ìdérí ìṣàn (waste) tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Basin tó ní ihò àkúnwọ́sílẹ̀ (overflow) lókè gbọ́dọ̀ gba èyí tó ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Basin tí kò ní in, kó gba èyí tó dí. Tí wọ́n bá fi èyí tó dí sí basin tó ní ihò lókè, omi á há sínú ara basin. Lábẹ́ rẹ̀, bottle trap (páìpù ìṣàn tó rí bí ìgò) tó le ni kẹ́ ẹ lò. Rọ́bà oníwerewère tó ń gùn tó ń kúrú yẹn rọrùn láti so, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tó ti ṣẹ́po lára rẹ̀ ni irun àti ọṣẹ ń jókòó sí.

Níbi ìsopọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yí ẹ̀rọ idẹ mọ́ ẹnu PVC lásán. Idẹ le ju ike lọ, bí wọ́n bá fún un pọ̀ díẹ̀, PVC á sán nínú ògiri, omi á máa rọra jò lẹ́yìn táìsì. Ẹ ra adaptor tó ní idẹ nínú ẹnu. Thread tape tínrín tó wà lọ́jà fẹ́ tó ìgbà 12 yípo, kí wọ́n sì yí i sí ọ̀nà tí wọ́n máa gbà yí ẹ̀rọ wọlé, torí tó bá lòdì, ṣe ló máa tú jọ sẹ́nu.

Omi ìpẹtà tó bá ti ya ojú WC pupa, ẹ má fi bleach fọ̀ ọ́: ṣe ló máa mú àbàwọ́n náà le. Omi ọsàn wẹ́wẹ́, tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 kẹ́ ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì rìn ín, ń ṣí i. Ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ símẹ́ntì kúrò lára táìsì kò gbọ́dọ̀ kan ẹ̀rọ rárá, ó ń jẹ kúróòmù.

Nígbà tí púlọ́ńbà bá ń gbé WC kalẹ̀, kó má fi símẹ́ntì rì í mọ́lẹ̀ bí ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣe. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, fífọ́ ni. Sikúrù àti rawúlù ni kó fi dè é, kó fi sílíkóònù yí etí rẹ̀ ká, kó sì fi ẹ̀yìn sílẹ̀ láìdí, kí omi tó bá ń jò lábẹ́ lè tètè yọ síta. Kó má sì fún bóòtù tánkì pọ̀ jù, ojú àwo ló máa sán. Kẹ́ ẹ tó san owó tó kù fún un, ẹ da búlúù díẹ̀ sínú tánkì ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ má flush fún ìdajì wákàtí. Tí omi àwo bá yí padà sí búlúù, rọ́bà ìdí flush ń jò, kó tún un ṣe kó tó kó irin iṣẹ́ rẹ̀ jọ.